Pákó Orí Àjà

Àárín orin ìkórè la wà nígbà tí gìtá là mọ́ Dádì mi lọ́wọ́. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ, okùn méjì já, orin sì dúró. Dádì ni ọ̀gá akọrin wa ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Gìtá tuntun ni, kò tí ì pé oṣù méjì tó dé. Ọyẹ́ tètè dé lọ́dún náà, ètè gbogbo wa ló ti là, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ọyẹ́ lè la gìtá. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Bàbá tó ṣe gìtá náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, ilẹ̀ ló ń wò.

Aládùúgbò wa ni Bàbá. Káfíńtà ni, àmọ́ gìtá ló gbà á lọ́kàn. Ó ń ṣe tuntun, ó sì ń ra àtijọ́ tó ti bàjẹ́ láti Ìlọfà àti Ọ̀sì, á tún wọn ṣe, á tà wọ́n. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, nítorí òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Á rẹ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú omi gbígbóná, á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páìpù tó ti yá iná títí yóò fi ní ìbàdí bíi ti gìtá. Á wá fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ dì í yíká kí gọ́ọ̀mù lè mú. Nígbà míì á fi ìka kan gìtá àtijọ́ kan létí mi, yóò dún lọ títí. Á kan tuntun, yóò dún, yóò dákẹ́.

"Igi àtijọ́ ti gbàgbé omi," ló máa ń wí. "Tuntun ṣì ń rántí."

Lọ́jọ́ ìkórè náà, Pásítọ̀ ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Àwọn ìyá ìjọ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀tá wí nígbà tí Bàbá dìde.

"Kì í ṣe ọ̀tá. Èmi ni. Igi tútù ni mo fi ṣe é, mo sì mọ̀ pé ó tutù. Ẹ fún mi lóṣù kan, màá ṣe òmíràn."

Ó jókòó. Ẹnu yà mí débi pé n kò rántí pa á dé. Ta ló ń di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ru ara rẹ̀, nígbà tí ọ̀tá wà ńlẹ̀ tó lè bá a rù ú?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bu iná lọ́dọ̀ Yèyé, ìyàwó rẹ̀, tó ń po ẹ̀kọ. Bàbá gbé àkàbà wọlé ìdáná, ó gun orí àjà lọ, ó ń ti àgbàdo tí wọ́n so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pákó mẹ́fà ló wà níbẹ̀, èéfín ti sọ wọ́n di dúdú. Ó sọ méjì kalẹ̀. Orógùn bọ́ lọ́wọ́ Yèyé sínú ìkòkò.

"Bàbá, pákó pósí yín nìyẹn."

"Òun ni."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń dáná sábẹ́ rẹ̀."

"Mo mọ̀. Òun nìkan ló gbẹ nílé yìí."

"Kí la ó wá fi sin yín?"

"Ẹ ó rí igi tútù. N kò ní í kọrin nínú rẹ̀."

 Gbogbo ẹ̀wà tí mo ti jẹ nílé yẹn, abẹ́ pósí ni wọ́n ti sè é! Ìyá mi ní kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀, pé àgbà tó bá gbọ́n ń tọ́jú pákó tirẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà sáré kiri lọ́jọ́ ikú. Ṣùgbọ́n òun náà kò gbọ́ ọ rí pé ẹnìkan fi ayùn gé e ṣe gìtá. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Yèyé kò fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí gìtá náà dé ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì lù ú, ìjọ gbàgbé láti gbe orin. Ọyẹ́ fẹ́ lọ́dún náà àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gìtá náà kò là.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá kú. Pákó mẹ́rin tó kù kò tó, ni wọ́n bá lọ ra igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Kí wọ́n tó gbé pósí dé ẹ̀gbẹ́ sàréè, igun ìdérí rẹ̀ ti gbé sókè, ìṣó kò mú un. Dádì mi bú sẹ́kún níṣojú gbogbo èèyàn.

"Èmi ni," ló wí. "Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí igi gbẹ di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní tí kò bá lè ṣe é kó tó di ìkórè, màá lọ ra ti Ìlọrin."

 Ọdún méjì, Dádì kò wí nǹkan kan! Mo wo Yèyé, mo rò pé yóò gbá a létí.

"Mo mọ̀," ni Yèyé wí. "Mo wà nílé ìdáná lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pé ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, kí ẹ má baà tẹ́ lójú wọn."

Èmi náà ń ta gìtá báyìí, tuntun àti àtijọ́. Oníbàárà á ní òun ń kánjú, màá ní igi èyí kò tí ì gbẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ń bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó sì ń dùn mí, àmọ́ n kò lè purọ́ nípa igi. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé èèyàn lè fi ilé ìkẹyìn rẹ̀ bo àṣìṣe ẹlòmíràn. Dádì ti darúgbó. Kì í gbé gìtá Bàbá yẹn kọ́ sára ògiri bí àwọn tó kù. Tó bá ti lù ú tán, á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á fi aṣọ funfun bò ó, á sì dúró díẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.