Ọ̀rọ̀ tí Wọ́n Ń Sọ sí Epo Gbígbóná ní Bàyíà

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo wà lẹ́yìnkùlé wa ní Hartstown, ní ìlú Dublin, mò ń ká aṣọ lórí okùn nítorí òjò ti ń ṣú, nígbà tí òórùn epo pupa tó ń yá lórí iná gba orí ọgbà kọjá wá bá mi. Àwọn ọ̀dọ́ ará Brazil kan ló ń gbé ilé kejì, àwọn tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri fún àwọn ará Dublin. Ó jọ pé wọ́n ń sinmi lọ́jọ́ náà, wọ́n wá ń din àkàrà. Mo dúró sójú kan, àpò ìrọ̀rí lọ́wọ́ mi, títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí mi lórí. Ọmọ mi Nímọ̀ta yọjú láti ilé ìdáná, ó pariwo pé, “Mammy, you're getting soaked!” Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò tíì wọlé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má rò pé ogbó ló dé sí mi. Epo yẹn ló gbé mi lọ sí ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Pópó Àgùdà, l'Ékòó, àti ojú títì kan ní Salvador, ìlú Brazil tí àwọn àgbà wa ń pè ní Bàyíà, níbi tí Nímọ̀ta mú mi lọ lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ dáadáa.

Aránṣọ ni bàbá mi, Mùsùlùmí ni, ó sì háyà yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìdílé Àgùdà kan. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ni àwọn Àgùdà, àwọn tí ó rí ọ̀nà padà wálé nínú wọn, àti àwọn ọmọ wọn. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀, wọ́n mú ìjọ Kátólíìkì bọ̀, wọ́n sì mú oúnjẹ bọ̀. Òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ló yí ojú fèrèsé ilé náà ká, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ṣá bí ìbẹ́pẹ tó fẹ́ bàjẹ́. Màmá Àgbà ló ni ilé, ìyá arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí bàbá rẹ̀ ti Bàyíà dé. Filísíà, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ mi. Ojúgbà ni wá. Bí ẹ bá ń wá ọ̀kan nínú wa, ẹ kàn máa tẹ̀lé ohùn èkejì ni.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń rántí ikú Jésù, ni ọjọ́ tí ilé yẹn máa ń dùn jù. Wọ́n á se ẹ̀wà láti àárọ̀ títí yóò fi rọ̀ pátápátá, wọ́n á fi asẹ́ jọ̀ ọ́, wọ́n á wá da omi àgbọn sí i, yóò di fùréjọ̀n. Èmi àti Filísíà ni à ń rin àgbọn. Màmá Àgbà mọ̀ wá tinú tòde, ó ní ká máa kọrin bí a ti ń rin ín, torí pé ẹnu tó ń kọrin kò lè jẹ àgbọn. Filísíà fi ìyẹn kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi imú kọrin.

Bí fùréjọ̀n bá jinná, a ó gbé abọ́ kiri àdúgbò, tiwa nísàlẹ̀ sì ni àkọ́kọ́. Ìyá mi á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á ní, “Ẹ ṣeun o, Màmá, ẹ̀mí yín á ṣe púpọ̀ ẹ̀.” Bàbá mi á da gààrí lé e lórí, á máa jẹ ẹ́ bí ẹni pé láti Mẹ́kà ni wọ́n ti gbé e wá. Bí Iléyá bá dé, Filísíà á gbé ẹran tiwa gun òkè, ojú rẹ̀ á máa dán fún ọ̀rá. Kò sí ẹni tó pè wá jókòó pé ẹ̀sìn méjì nìyí.

Ṣùgbọ́n àlàáfíà kò sí lókè. Bàbá Filísíà fẹ́ ta ilé náà. Ògiri rẹ̀ ti lanu, òjò ń wọlé, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tún un ṣe. A máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, a ó sì gbọ́ ohùn Màmá Àgbà tẹ̀ lé e, gbólóhùn kan ṣoṣo náà ni nígbà gbogbo: “Jẹ́ kí n kú ná!” Filísíà á wá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi lórí ẹní.

Màmá Àgbà kú ní àkókò ọyẹ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, wọ́n ti ta ilé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló wá kó wọn. Wọ́n gbé Filísíà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ká, ó ń wò mí láti òkè ẹrù. Mò ń sunkún. Ó ní, “Má sunkún mọ́. Mà á wá lọ́jọ́ Ẹtì Rere, a ó jọ rin àgbọn.”

Àwa kó lọ sí Múṣin. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo yọ bàbá mi lẹ́nu títí ó fi mú mi padà lọ. Òkìtì búlọ́ọ̀kù la bá. Òdòdó ojú fèrèsé wà nínú iyẹ̀pẹ̀ ní wẹ́wẹ́, bí búrẹ́dì tí ọmọdé rún. Ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe nítòsí sọ pé Àjàṣẹ́ ni wọ́n kó lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní rárá o, Ìbàdàn ni. Bàbá mi ṣí fìlà rẹ̀. A dúró títí oòrùn fi wọ̀. Filísíà kò wá. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní.

Ayé gbé mi títí ó fi gbé mi dé Dublin. Oyún Nímọ̀ta, àbígbẹ̀yìn mi, ni mo gbé wá, lásìkò tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń wá ibi ìsádi. Mo tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú wọn títí èmi náà fi di arúgbó. Nígbà tí mo pé àádọ́rin ọdún, Nímọ̀ta ní òun á mú mi lọ sí Bàyíà tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀. Mo ní orúnkún mi ńkọ́? Ó ní, “It'll be grand, Mammy.” Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ibí máa ń sọ kí nǹkan tó bàjẹ́.

Ohun tó sanwó fún ni pé ká tẹ̀lé afinimọ̀nà kan káàkiri ìlú ní ẹsẹ̀, ká máa tọ́ oúnjẹ tí wọ́n ń tà létí títì wò. Luana ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Agboòrùn pupa ló gbé sókè kí a má bàa sọnù. Ó kọ́kọ́ mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ìyẹ̀fun gbágùúdá sórí irin gbígbóná, tí wọ́n á fi wé àgbọn. Lẹ́yìn náà ló fún wa ní nǹkan kan nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo tú u, mo ní, “Ọ̀lẹ̀lẹ̀ nìyí!” Ó ní abará ni wọ́n ń pè é. Mo ní kò burú, ẹni tó bá pẹ́ lájò, orúkọ rẹ̀ á yí díẹ̀.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. A dé gbàgede kan tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, Luana sì sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń so àwọn ẹrú mọ́ òpó, tí wọ́n ń nà wọ́n. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́, bó ti sọ ọ́ tán ló pín súìtì àgbọn fún wa. Súìtì náà dùn. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ nìyẹn, pé ó dùn. Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu dànù.

Mo gbójú sókè, mo rí òdòdó sìmẹ́ńtì lójú fèrèsé, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwà òmùgọ̀: gbogbo ìyá arúgbó tó bá kọjá, mò ń wojú rẹ̀ bóyá Filísíà ni. Nímọ̀ta ní, “Who are you looking for, Mammy?” Mo ní kò sẹ́nì kankan.

Lábẹ́ igi kan la ti bá ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Zélia. Ó wọ aṣọ funfun, ó jókòó sẹ́yìn ìkòkò epo pupa. Kó tó ju àkàrà sínú epo, ó tẹ orí ba, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́ẹ́jẹ́: “Dakê, mombó. Dakê, mombó.” Ohùn ọ̀rọ̀ náà ti ṣí kúrò nípò, bí bàtà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti wọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Mo bẹ Luana kó ní kí ìyá náà tún un sọ.

Zélia rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun, ìyá ìyá òun ló sì kọ́ ìyẹn. Wọ́n ní epo ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, kó má bàa ta síni lára. Ó na apá rẹ̀ kí a rí i pé kò sí àpá iná kankan níbẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, kì í ṣe epo. Èdè wa ni. Dákẹ́, mo ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá ń sọ fún ọmọ tó ń sunkún ni, bó bá fẹ́ jáde.”

Nímọ̀ta sọ ọ́ fún Luana lédè Gẹ̀ẹ́sì. Luana sì túmọ̀ rẹ̀ fún Zélia. Mo rí ojú ìyá náà bí ọ̀rọ̀ náà ti ń wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè, àkàrà sì ń jó nínú epo. Ó béèrè pé, “Ta ni wọ́n sọ ọ́ fún? Ṣé ìyá náà padà wá?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀, Ìyá.”

Ó kó àkàrà tó jó kúrò, ó din òmíràn, ó fún mi, kò sì wojú mi. Bí a ti ń lọ, mo gbọ́ tí epo ń dún lẹ́yìn wa, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, mo jókòó, mo bi ara mi léèrè ohun tí mo ṣe. Oògùn epo ni ìyá náà ní nígbà tó jí láàárọ̀. Èmi wá sọ ọ́ di ẹkún ọmọ tí kò mọ̀. Nímọ̀ta ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó mọ̀. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà máa ń dunni. Ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi, ó ń fọwọ́ ra mí lórúnkún.

Ó pẹ́ díẹ̀ tí a ti padà dé Dublin kí ohùn Luana tó dé sórí fóònù Nímọ̀ta. Zélia ló rán an. Ó ní òun kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mélòó kan, epo sì ta sí òun lọ́wọ́. Ní báyìí òun ti ń sọ ọ́ padà, sí epo, àti sí ọmọ ọmọ òun bí òun bá ń jáde nílé. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kàn máa ń wo òun ni. Kí ni ọmọ yóò fi dáhùn?

N kò rò ó rí. Mo gbìyànjú láti rántí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà ní Pópó Àgùdà, agbọ̀n ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi àti Filísíà tí a dì mọ́ ọn láṣọ. Nímọ̀ta tẹ ibi kan lára fóònù, ó ní, “Talk into the yoke there, Mammy.” Ohun gbogbo ni wọ́n ń pè ní yoke níbí. Mo sún mọ́ ọn, mo sì sọ ohun tí àwa méjèèjì máa ń sọ: “Ẹ tètè bọ̀ o! Ẹ ra nǹkan bọ̀ fún wa!”

Èsì dé lọ́jọ́ kejì. A gbọ́ ohùn ọmọdé kan tó ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ náà, ó ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀, a sì gbọ́ ẹ̀rín ìyá arúgbó. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín dáwọ́ dúró, kò sí ohun mìíràn mọ́ àfi epo tó ń dún.

N kò lè sọ fún yín pé ó tù mí nínú tán. Pópó Àgùdà tí mo mọ̀ ti lọ, ilé gíga ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní Hartstown, kò sí ọmọ tó ń gbé abọ́ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò. Èmi pàápàá ń gbóòórùn àkàrà láti orí ọgbà, n kò sì mọ orúkọ àwọn tó din ín. Bí Filísíà bá wà láyé, ọjọ́ orí kan náà la jọ wà. Bí kò bá sí, n kò mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ìlérí kì í bá ẹni tó ṣe é kú. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ lè má dé mọ́ láé, ẹnì kan ṣì wà níbì kan tó ń ya àkàrà sọ́tọ̀ dè é.