Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

Ẹ̀rù máa ń tètè bà mí. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí eku bá sáré kọjá, èmi ti ń pariwo olè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí ní ọ̀sẹ̀ tí àdúgbò fẹ́ yẹ́ ìyáálé wa sí ní Ìsọlọ̀, kì í ṣe ẹ̀rù eku.

Ìyáálé ni ìyàwó tó pẹ́ jù nínú agboolé ọkọ mi. Láti ìlú kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gbé màmá níyàwó wá, nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọge. Àwọn ni olórí gbogbo obìnrin àdúgbò, ẹnu wọn sì ni ìtàn wa wà: ibi tí ẹrẹ̀ wà kí títì ọlọ́dà tó dé, ẹni tó fún ta ni ilẹ̀, àwọn tó wá ṣe àlejò tí wọ́n di onílé. Inú oríkì bàbá tó tẹ agboolé dó ni wọ́n ń to gbogbo rẹ̀ sí. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kì í lẹ́bàá kànga àtijọ́ iwájú ilé. Àwọn ọkùnrin ilé kò mọ nǹkan kan níbẹ̀ ju kí wọ́n máa mirí bí alángbá. Ìyàwó ló ń kì ọkọ.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí ìyàwó ilé wa pe orúkọ bàbá náà. Bàbá Oníkànga ni à ń pè wọ́n. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, ọmọ ilé nìkan ló ń pè é. Láti ìgbà tí mo ti wọlé, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó kankan rí.

Lọ́sẹ̀ náà, mo ti Apakun bọ̀, níbi tí mo ti ń ta aṣọ ọmọdé, mo yà lọ́dọ̀ màmá. Wọ́n ń kì oríkì náà jẹ́jẹ́, wọ́n fi ń múra sílẹ̀. Èmi ń gbè é gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Bí wọ́n ṣe dé ibi Bàbá Oníkànga, wọ́n pe orúkọ náà gan-an, gbangba, bí ẹni ń rán ọmọ níṣẹ́.

Orí mi wú. Mo rò pé wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn sọ nǹkan kan.

"Ṣé kò rẹ̀ yín, mà?"

"Rẹ̀ mí kẹ̀? Ìwọ ni ò gbè é dáadáa. Kí ló ṣe ojú ẹ báyìí?"

Bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́. Èmi ti gbọ́. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nílé wa ní Jákàńdè.

"Àgbà ló dé, jàre," ló wí. "Má wọ́rì."

Mi ò lè jẹun. Bí wọ́n bá pe orúkọ yẹn níwájú gbogbo ilé, ọjọ́ ìyẹ́sí á di ọjọ́ ẹ̀sín. Bí wọ́n bá sì gbàgbé gbogbo rẹ̀, ta ló kù? Èmi, elégbè lásán. Èyí gan-an ló ń dá jìnnìjìnnì bò mí jù.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ta kánọ́pì sójú kànga. Alága àwọn onílé sọ̀rọ̀ títí ó fi sú wa, kó tó gbé máìkì fún màmá. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo di àga wọn mú. Ohùn wọn já gaara. Wọ́n kì ẹrẹ̀, wọ́n kì onílẹ̀, wọ́n kì àlejò. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ibi Bàbá Oníkànga ni mo túbọ̀ ń di àga náà mú. Wọ́n débẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Nígbà tó yá, mo rí i tí ètè wọn ń ká orúkọ náà jọ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo ké.

"Bàbá Oníkànga! A-gbẹ́-kànga-má-dá-mu!"

Kò sí ibi tí mo lè padà sí mọ́. Òógùn ń wọ̀ mí lójú, mo sì kì oríkì náà dé òpin. Màmá yíjú padà, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu mi, àwọn gan-an ló wá ń gbè é fún mi. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé bí a ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Ọkàn mi wálẹ̀ díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, inú wọn dùn gan-an.

"Ẹnu ẹ dùn, ọmọ mi. Ìyàwó ta ni ẹ́ nínú ilé yìí?"

Mo wojú wọn. Wọn ò bá mi ṣeré.

"Ìyàwó yín ni mí, mà."