Káádíbọ́ọ̀dù Mi Lára Ògiri Wọn

Bàbá mi, káfíńtà l'Ájégúnlẹ̀ létí odò, fi ọ̀rá wé ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí mo gbà, ó so ó mọ́ àjà kí omíyalé má baà bà á jẹ́. Tíṣà ni mí lóòótọ́, mi ò kàn ní kíláàsì ni. Ìjọba ò gbani, àwọn ilé ìwé aládàáni láti Kétu dé Ìkòsí sì ní kí n máa lọ ná.

Ìyá kan tó ni ilé ìwé n'Íkòsí, tí gbogbo olùkọ́ ń pè ní Mummy, ló ní kí n wá. Àṣà wọn ni pé wàá kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi wò ọ́. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, mo gbà. Bàbá mi sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti níṣẹ́.

Àwọn ọmọ Primary Two ò mọ A yàtọ̀ sí B. Mo ra káádíbọ́ọ̀dù, mo ya ẹja, agboòrùn àti ìkòkò, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Mo ṣe orin tí wọn á fi máa ka lẹ́tà. Lójoojúmọ́ ni Mummy ń sọ pé àwọn ṣì ń wò mí, inú mi sì ń dùn bí ti òmùgọ̀. Ọjọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, àwọn ọmọ kàwé geere, àwọn òbí sì pàtẹ́wọ́ fún Mummy.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí.

"Aunty, o try. Ṣùgbọ́n a ò tíì rí irú ẹni tí à ń wá."

Mo ní kí n kó káádíbọ́ọ̀dù mi. Ó ní tí mo bá yọ wọ́n, ọ̀dà ògiri òun á bó. Mo gbé báàgì mi, mo fìbínú jáde.

Lẹ́nu géètì, mo pàdé ọmọbìnrin kan tó fi káádíbọ́ọ̀dù tuntun há abíyá. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sọ fún un pé wọ́n kàn fẹ́ lò ó lásán ni. Kò yà á lẹ́nu.

"Mo mọ̀, Aunty. Bí wọ́n ṣe ṣe mí nílé ìwé kan ní Mẹ́ńdè náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé ni kí n lọ jókòó sí?"

Ó wọlé. Kí n tó dé ojú títì, àwọn ọmọ ti ń kọ orin mi fún un.

Mo jókòó sí bọ́sítọ́ọ̀bù títí di àsìkò tí ilé ìwé máa ń jáde, kí n tó lọ bá bàbá mi nílé.