Àárọ̀ Ọyẹ́ Tí Mọ́tò Bàbá Mi Kọ̀ Láti Ṣáná

Òórùn kòkó tí kò tíì gbẹ tán ló máa ń gbé mi padà sí àárọ̀ ọjọ́ náà. O mọ̀ ọ́n, òórùn kíkan bíi ti ọtí àná, tó máa ń di mọ́ aṣọ àti irun. Ní Aládé Ìdànrè, níbi tí ilé àwọn òbí mi wà ní ìdí àpáta, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgbà ọyẹ́ ṣe máa ń rùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òórùn epo dísù tí kò jóná dà pọ̀ mọ́ ọn, òtútù sì mú débi pé ètè mi ti là. Mo jókòó sí ìdí sítíárìn ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù bàbá mi, mò ń yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ń kùn, kò sì fẹ́ ṣáná.

Àkúrẹ́ là ń lọ. Dókítà kan tó máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì ti kìlọ̀ pé bí a bá tún jẹ́ kó pẹ́ sí i, ojú ọ̀tún lè má ṣeé tún ṣe mọ́. Kí bàbá mi tó gbà, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Àgbà Aládùúrà ni wọ́n, wọn kì í jáde nílé láìgbàdúrà, nǹkan kékeré sì lè di àmì lójú wọn. Nígbà tí wọ́n máa gbà, wọ́n ní mọ́tò tiwọn ló máa gbé àwọn lọ, kì í ṣe takisí ẹnikẹ́ni. "Bí Olúwa bá fẹ́ kí n lọ, mọ́tò mi á lọ." Èmi tí mo ti Àkúrẹ́ wá sùn tì wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo ní kò burú. N kò mọ̀ pé mo ti ti ọrùn bọ ọ̀ràn.

Mo tún yí kọ́kọ́rọ́. Bàbá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú sùtánà funfun, Bíbélì wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Màmá mi dúró níta, wọ́n fi ìró bo èjìká, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo di ẹ́ńjìnì náà mú. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mò ń wo aago, mò ń wo ọ̀nà, mò ń wo ọwọ́ bàbá mi tó ti ń táràrà wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn.

"Ìyá mi," ni wọ́n wí, torí wọ́n gbà pé ìyá àwọn ló padà wá sáyé tó di èmi, "àmì nìyẹn. Jẹ́ ká padà wọlé." Ẹ̀ka èdè Ìdànrè wa ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì dùn ún gbọ́ ju bí mo ṣe ń tún un sọ fún ọ yìí lọ.

"Àmì kẹ̀? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè wọlé pẹ́nrẹ́n, ó parí. Kò sí ẹni tó máa tún rí wọn mú jáde. Kì í sì í ṣe pé n kò mọ mọ́tò. Bàbá mi ti fìgbà kan wa ọkọ̀ tó ń kó kòkó, èmi àkọ́bí wọn ni wọ́n sì máa ń ní kó di tọ́ọ̀ṣì mú bí wọ́n bá ń tún un ṣe. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Bátìrì kọ́, torí ẹ́ńjìnì ń yí dáadáa. Epo kọ́, torí èéfín funfun ń rú jáde lẹ́yìn, epo tó wọlé tí kò rí ooru jó sì ni èéfín yẹn. Ọkọ̀ dísù kì í lo iná bíi ti pẹtiróòlù, ooru ló fi ń ṣáná. Bí òtútù bá mú, àwọn púlọ́ọ̀gì kéékèèké kan wà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní hítà, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná ná.

Mo tú wáyà tó so àwọn hítà náà pọ̀. Mo mú gílóòbù kékeré kan nínú àpótí irinṣẹ́, mo so wáyà mọ́ ọn, mo fi ẹnu kan kan bátìrì, mo fi èkejì kan hítà àkọ́kọ́. Kò tàn. Mo kan ìkejì, òkùnkùn. Gbogbo wọn ló ti kú, ìpẹtà sì ti bo orí wọn. Nǹkan tó kú lánàá kì í rí bẹ́ẹ̀. Báwo wá ni bàbá mi ṣe ń wa mọ́tò yìí lọ sóko láti ọyẹ́ dé ọyẹ́?

Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè wo ilé. Ìwọ náà mọ bí ìlú wa ṣe rí, ibi tó tẹ́jú ò pọ̀. Ẹni tó bá ní mọ́tò ní Aládé, orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń gbé e sí, kó kọjú sísàlẹ̀, kó lè yí lọ kó sì ṣáná bó bá ń lọ. Iwájú ilé wa tó dà gẹ̀rẹ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́, ni bàbá mi máa ń gbé tiwọn sí. Lọ́dún náà, olè ń jí kòkó lóko, ni màmá mi bá kó tiwa wálé, wọ́n sá a sórí sìmẹ́ńtì náà, wọ́n sì ní kí ará ṣọ́ọ̀ṣì kan bá wọn wa mọ́tò sọ̀kalẹ̀ sí etí títì tó tẹ́jú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ti ń bo àṣírí mọ́tò láti ọjọ́ yìí wá.

Mo lọ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò lápá ọ̀dọ̀ bàbá mi. "Bàbá, àwọn hítà yìí ò kú lónìí o. Ṣé ẹ mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò pààrọ̀ wọn? Iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ ara yín ṣe?"

Wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn mi ti wá, kì í ṣe sí ojú mi gan-an. "N ò rí wọn mọ́. Mo fọwọ́ wá wọn títí. Bí mo bá sì pe mẹkáníìkì, ẹ ó bi mí pé kí ló ṣe ojú mi, ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́."

Inú bí mi, àánú wọn sì ṣe mí, n kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ gbé. Ní ilé yẹn, wọn kì í ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n mọ gbogbo ògiri, wọ́n mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà oko. Ìgbà tí wọ́n wá kí mi ní Àkúrẹ́, tí wọ́n fẹ́ jókòó síbi tí àga ò sí, la tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n.

"Bàbá, ẹ má fi Olúwa bojú. Ẹ̀yin lẹ dá mọ́tò yìí dúró."

"Háà!" Màmá mi figbe ta. "Bàbá ẹ lò ń bá wí bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀rù bà mí pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tó dà bí ikọ́. "Fi í sílẹ̀. Ìyá mi ló ń bá mi wí." Wọ́n wá ní kí màmá mi gbé omi gbígbóná tó wà lórí iná wá, kí a fi rẹ aṣọ, kí a dì í mọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì. A ṣe é, a tún un ṣe. Nígbà tí mo yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò húkọ́, ó gbọ̀n, ó pọ èéfín lé màmá mi lórí, ó ṣáná. Kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, òógùn ti bò mí nínú òtútù yẹn.

Ní ojú ọ̀nà, ọyẹ́ ti bo àwọn òkè Ìdànrè pátápátá. Mo ní ẹ ò rí nǹkan, òkè ńlá yẹn ti pòórá.

"Ìwọ náà ò rí i?" ni bàbá mi bi mí.

"N ò rí i, Bàbá."

"Bó ṣe máa ń rí fún mi nìyẹn lójoojúmọ́."

A bá dókítà, ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú bàbá mi, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n wò mí pẹ́. "Ìyá mi," ni wọ́n wí, "ìgbà wo lo hewú?"

Láti ọjọ́ yẹn, n kì í béèrè àlàáfíà lọ́wọ́ àgbà kí n sì gba ẹnu wọn gbọ́. Bí o bá ní ṣé ara le, "a dúpẹ́" ni wọn ó wí, títí wọn ó fi ṣubú. Bí mo bá délé, iṣẹ́ tí kò mọ́ wọn lára ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fún màmá mi ní abẹ́rẹ́ àti òwú pé kí wọ́n bá mi fi òwú bọ̀ ọ́. Wọ́n dán an wò títí, wọ́n wá dá a padà fún mi, wọ́n ní òwú ayé òde òní ò dáa. N ò jiyàn. Mo ní kí wọ́n wé gèlè wọn, à ń lọ sí Àkúrẹ́.