Dúdú Tí Kì Í Ṣe Aró

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ojú mi ni Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, fi ń ríran. Ẹ má rò pé àwàdà ni. Ojú tiwọn ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n á rí i pé ènìyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní mọ ẹni tó jẹ́. Èmi ni mo ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún wọn nínú ilé wa ní Ìbà. Aránṣọ ni wọ́n kí ojú tó bàjẹ́, ọwọ́ wọn kò sì gbàgbé.

Nígbà tí bàbá mi kú, Màmá Àgbà fi dandan lé e pé kí ìyá mi wọ dúdú fún ọdún kan gbáko. Aṣọ ọmọ jòjòló ni ìyá mi ń tà ní Ìyànà-Ìbà nígbà náà. Ẹ gbọ́ ná, ta ló fẹ́ ra aṣọ ọmọ tuntun lọ́wọ́ opó tó wọ dúdú? Ọjà dà rú. Lọ́jọ́ tí ọdún pé, ìyá mi bọ́ dúdú náà jù sáàárín yàrá, wọ́n kó lọ sí Okokomaiko, wọ́n ní kí n dúró nítorí ilé ìwé mi. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì kò fojú kan ara wọn mọ́.

Màmá Àgbà kábàámọ̀. Aṣọ ni wọ́n fẹ́ fi tọrọ àforíjì. Kí ojú wọn tó bàjẹ́, wọ́n ti gé ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi, ìró ìyá mi àti yunifọ́ọ̀mù mi àtijọ́, wọ́n rán wọn ní ègé mẹ́sàn-án, ìkan ò jọ ìkejì: òmíràn rí bí ìràwọ̀, òmíràn bí àtẹ̀gùn, òmíràn bí ẹní tí a hun. Ó wá ku ká tò wọ́n, ká fi ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín wọn, kó di aṣọ ìbora. Lọ́jọ́ Sátidé kan la tẹ́ wọn sórí ẹní, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá wọn kiri.

"Ìràwọ̀ yẹn, ti bàbá ẹ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbé e sáàárín. Gbé ti ìyá ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tìẹ ńkọ́?"

"Mo ti fi í sókè."

"Òkè kẹ̀? Ta ló fi ẹ́ jọba? Gbé e wá sísàlẹ̀, lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé e. Mo ní ká fi funfun ṣe ọ̀já. Wọ́n ní oṣù kan kò ní pé tí á fi dọ̀tí. Mo ní pupa. Wọ́n ní pupa á máa pariwo lé àwọn tó kù lórí.

"Bí aṣọ méjì bá ń bára wọn jà, ọ̀já àárín ní í là wọ́n. Dúdú ni n ó lò. Dúdú aró, irú èyí tí ìyá ẹ ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Kì í ṣe dúdú èédú o. Mo ti fi ìyẹn jẹ ìyá ẹ níyà tó."

Wọ́n ti bá obìnrin aláró kan lọ́jà Ọ̀jọ́ sọ ọ́, kí n kàn lọ gbà á ni. Mo jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lójú ọ̀nà, wọ́n ń pariwo, "Gólì wa ti dé!" Mo yà bá wọn. Ìgbà tí mo fi dé Ọ̀jọ́, obìnrin náà ti palẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù bà mí láti wọlé lọ́wọ́ òfo. Télọ̀ kan wà lẹ́bàá Ìbà Housing Estate tó máa ń da àgékù aṣọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣa àwọn tó gùn níbẹ̀. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Dúdú ni?"

"Dúdú ni, Màmá."

Ẹ wò ó, irọ́ kọ́ nìyẹn. Ó dúdú lóòótọ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn, pé ọ̀rọ̀ náà gbè mí. Wọ́n gbé e símú.

"Kò ta òórùn aró."

"Wọ́n ti fọ̀ ọ́ ni." Irọ́ gidi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi rán an. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń na ọwọ́ sí mi. "Ọkọ mi, aró ti kun ìka mi, àbí?" Aró tó dáa kì í ṣàì kun ọwọ́ ẹni tó ń rán an. Ìka wọn mọ́ tónítóní. Mo ní, "Ó ti kun ún, Màmá."

Èmi náà ni mo gbé e lọ sí Okokomaiko. Ìyá mi tú u, wọ́n rí ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi, ojú wọn rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọ̀já tó yí i ká.

"Dúdú náà ni wọ́n tún fi ránṣẹ́? Ọdún kan kò tó wọn? Gbé e padà. Sọ fún wọn pé mo ti bọ́ ọ."

"Èmi ni mo ṣe é," ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mo ki aṣọ náà bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo sọ fún Màmá Àgbà pé ìyá mi ń bọ̀.

Wọ́n retí. Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí bàtà bá ti dún: "Ìyàwó mi ni?" Ó pẹ́, wọn ò bèèrè mọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ṣáà ní, "Ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó jàre mi." Wọn ò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi kú. Aró ni ìyá mi ró wá síbi ìsìnkú. Wọ́n sọ sí mi létí pé, "Ìyá yìí kò fẹ́ràn mi títí dópin."

Ọjà Àlàbá ni mo ti ń tún fóònù ṣe báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ra kéèsì kò ní sọ pé dúdú kó dákẹ́. Á ní búlúù, á ní néfí búlúù. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ti lórúkọ, ọmọdé kò rí inú ọ̀rọ̀ kan sá sí mọ́. Wọ́n ti ń ta káàdì fóònù níbi tí aláró ń pàtẹ sí tẹ́lẹ̀. Lóṣù tó kọjá mo ra aṣọ aró tí n ó fi pààrọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀já dúdú yẹn kúrò lára aṣọ ìbora náà. Bí mo ṣe ń tú u ni ṣẹ́ẹ̀tì bàbá mi ń ya. Ó ti gbó. Ìyá mi kò tíì mọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Aró ayé ìsinsìnyí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kì í kun ènìyàn lọ́wọ́. Mo rán ọ̀já mẹ́ta, mo na ọwọ́ síta níbi tí oòrùn wà. Ìka mi mọ́ tónítóní.