Elégédé Orí Ògiri

Èmi ni mo kọ́ ìyá mi ní olè. Kí ẹ tó bá mi wí, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tẹnu mi.

Nígbà tí wọ́n dé láti Iléṣà lóṣù kẹjọ, tí wọ́n wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ èmi àti ọmọ mi obìnrin ní Peckham nílùú òyìnbó, ọjà Rye Lane kò yà wọ́n lẹ́nu rárá. Wọ́n ní iṣu ibẹ̀ gbówó lórí, kí àwọn tó ń tà á bẹ̀rù Ọlọ́run. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni ohun rere tí àwọn èèyàn ń gbé síta. Mo wá là wọ́n lọ́yẹ̀ pé ohunkóhun tí wọ́n bá rí lórí ògiri kúkúrú iwájú ilé, onílé kò fẹ́ ẹ mọ́, ẹni tó bá wù lè gbé e. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí àga kan àti ìkòkò irin tó nípọn dáadáa. Láti ìgbà náà, bí a bá ń rìn lọ, ojú ìyá mi kì í kúrò lára ògiri.

Nígbà tí oṣù kẹwàá dé, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ Halloween, ọjọ́ tí àwọn ọmọ máa ń múra bí òkú àti iwin, tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri láti gba suwítì, dà wá láàmú. Ọmọ ọdún méje ni. Ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣe, òun náà á ṣe é. Ìyá mi, tó ti ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó bí mi, ní kò ṣeé gbọ́.

“A kì í fi òkú ṣeré,” ni wọ́n wí.

“Grandma, it's just dressing up! Mi ò fẹ́ be òkú.”

“Kí lo wá fẹ́ dà?”

“Bus.”

Ìyá mi wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀. Kò sí ibi tí Bíbélì ti bá bọ́ọ̀sì wí.

Báyìí la ṣe fẹnu kò. Mo tọrọ páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì ní Rye Lane, a kùn ún ní ọ̀dà pupa, ìyá mi fúnra wọn ló fi abẹ gé fèrèsé sí i. Èmi náà ní òfin tèmi. Kò ní sí egungun, kò ní sí ẹ̀jẹ̀, kò ní sí sàréè páálí níwájú ilé wa, nítorí bàbá òyìnbó tí ilé wọn so mọ́ tiwa sin ìyàwó wọn lóṣù kẹta. Ewé tó rẹ̀ sílẹ̀ ní páàkì la fi òwú so sí fèrèsé. Suwítì tí ọmọ mi máa pín ní kíláàsì, mo ka ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò: kò gbọdọ̀ ní ẹ̀pà, nítorí ọmọ kan tí ẹ̀pà lè pa; kò gbọdọ̀ ní ohun tó ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá, nítorí àwọn ọmọ Alhaji òdìkejì títì. Mo rò pé mo ti ro ti gbogbo èèyàn tán. Orí mi wú.

Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú ni lẹ́tà iléèwé. Wọ́n ní ilé tó bá gbé elégédé síta nìkan ni kí àwọn ọmọ kàn. Ilé tí kò bá sí elégédé, kí wọ́n fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Bóyá aláìsàn ló wà níbẹ̀, bóyá wọn kò fẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi, nítorí wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́ nípa ọjọ́ náà.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, bàbá aládùúgbò wa dá èmi àti ọmọ mi dúró ní géètì. Wọ́n sọ fún ọmọ mi pé ìyàwó àwọn ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ lọ́dọọdún, àwọn á sì jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Lọ́dún yìí, àwọn fẹ́ dán an wò fúnra àwọn. Ọwọ́ àwọn ń gbọ̀n, àwọn ò lè gbẹ́ ojú àti ẹnu sí elégédé, ṣùgbọ́n àwọn á gbé e síta lódindi. Wọ́n ní bí kò bá sẹ́ni tó wá, àwọn ò ní dán an wò mọ́ láé. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ọjọ́ pé. Mo ti ibi iṣẹ́ dé láago mẹ́rin, mo bá àsáró lórí sítóòfù. Ó pọ́n, ó rọ̀, ẹja gbígbẹ ń yọjú nínú rẹ̀. Ìyá mi ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà pé kí ẹ̀mí òkùnkùn má rí ojú àwọn ọmọ. Mo jẹ àwo méjì. Mi ò bi ara mi léèrè ohunkóhun.

Láago mẹ́fà, èmi àti bọ́ọ̀sì mi jáde. Ẹnu ọ̀nà bàbá la kọ́kọ́ yà sí, ni ọmọ mi bá dúró.

“Mummy, no pumpkin. A ò lè kàn án.”

“Ṣebí wọ́n ní ká wá?”

“But the rule, Mummy. Maybe inú wọn ò dùn mọ́.”

Mo wo fèrèsé wọn. Bàbá jókòó ti ilẹ̀kùn, wọ́n de táì, abọ́ ńlá kan wà lórí itan wọn. Ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kan kọjá, wọ́n wo orí ògiri, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bàbá gbójú sókè, wọ́n tún gbé e sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé àsáró tí mo jẹ kì í ṣe ti iṣu.

Bí mo ṣe yí padà ni ìyá mi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò arákùnrin ìjọ wọn, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà.

“Mummy, níbo lẹ ti rí elégédé tí ẹ fi se àsáró?”

“Orí ògiri bàbá yẹn. Ṣebí ìwọ lo ní ohun tí wọ́n bá gbé síta...”

Mo ṣàlàyé. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì bí ti ọmọdé. “Yé! Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni ẹlẹ́ni.”

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sùtánà, kí àwọn èèyàn má bàa rò pé iwin ni wọ́n ṣe. Wọ́n ti ń lọ.

“Sick costume, Aunty!” ni ọmọ kan ké láti òdìkejì.

“Ó ní ara mi ò yá?” ni ìyá mi bi mí, ṣùgbọ́n wọn ò dúró gbọ́ pé aṣọ wọn ni ọmọ náà ń yìn.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bí bàbá ṣe ṣí i, ìyá mi kúnlẹ̀. Bàbá, tí ẹnìkan ò kúnlẹ̀ fún rí, rò pé wọ́n ṣubú ni. Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ìyá mi dìde, orúnkún wọn kọ̀, ni bàbá náà bá kúnlẹ̀. Àgbà méjì dojú kọra lórí ìnusẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni ìyá mi wí lédè òyìnbó, èyí tí wọ́n fi kọ́ ọmọ níwèé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, “elégédé yín, mo ti sè é.”

Bàbá wò wọ́n títí. “Ṣé ó dùn?”

“Ó dùn, sà.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, ìyá mi sì di ọwọ́ wọn mú. Yorùbá ló ń jáde lẹ́nu ìyá mi báyìí: ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á tù yín nínú. Omi bọ́ lójú èmi náà. Mo kọ́kọ́ gbé bàbá dìde, kí n tó gbé ìyá mi.

Ìyá mi béèrè àga. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bàbá lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ní kí ọmọ mi pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. “Sọ fún wọn pé elégédé wà nílé yìí. Inú mi ló wà.” Bọ́ọ̀sì pupa dúró ní géètì, ó ń ké e lédè òyìnbó, àwọn ọmọ sì ń wá títí abọ́ fi gbẹ.

Nígbà tí a délé, mo fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. “Mummy, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò ní bá wọn ṣe Halloween.”

Wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ nínú báàfù. “Ta ló ṣe Halloween? Ọ̀fọ̀ ni mo lọ kí.” Wọ́n fa aṣọ ìnura sọ́dọ̀. “Bàbá yẹn ní láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó àwọn, èmi lẹni àkọ́kọ́ tó jókòó ti àwọn. Ṣé ìwọ ò lọ kí wọn ni?”

Mo ní mo kí wọn. Mi ò lè sọ fún wọn pé káàdì ìbánikẹ́dùn ni mo tì sínú ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn wọn, tí mo sì yára kúrò kí bàbá má bàa ṣílẹ̀kùn bá mi.