Irun Ẹ̀yìn Ajá Wa

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó bá ní kí n gbàgbé, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ajá yẹn ṣe fún ẹnikẹ́ni ní Ìdímù.

Ọ̀gá òyìnbó bàbá mi níbi iṣẹ́ ló fún wa ní ajá náà nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ìran ajá tí wọ́n fi ń dọdẹ kìnnìún ni. Ara rẹ̀ le koko, orí rẹ̀ sì ga dé ìgbáròkó mi. Ìlà irun kan wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ tó hù kọjú síwájú, nígbà tí gbogbo ìyókù kọjú sí ìrù. Ọ̀gá náà ti ṣàlàyé pé bí Ọlọ́run ṣe dá irú wọn nìyẹn.

Ọdẹ kìnnìún wo? Ẹ̀bà àti orí ẹja ló ń jẹ. Tí ààrá bá sán, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí. Tí màmá mi bá jókòó, á wá fi gbogbo ara tì wọ́n lẹ́sẹ̀ títí wọn á fi ní ó fẹ́ ṣẹ́ àwọn léegun. Ikùn rẹ̀ ni àbúrò mi fi ń ṣe ìrọ̀rí.

Ìyá onílé wa ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan, ó sì máa ń kó àwọn aríran wá gbàdúrà nínú ọgbà. Nígbà tí oyún bà jẹ́ lára ìyàwó ọmọ rẹ̀, aríran kan ní òun rí ẹranko kan nínú ilé tí irun rẹ̀ hù sódì, pé ẹranko náà ló ń dá ire padà lọ́nà. Ìran kọ́ nìyẹn jàre. Ojú lásán ló fi rí ajá tí a so sí ẹ̀gbẹ́ kànga.

Àwọn aríran ní kí a fá irun náà, kí àwọn fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́. Tó bá hù dáadáa, ajá lè dúró. Bàbá mi gbà. Èmi ni mo di ajá mú nígbà tí wọ́n fi abẹ fá a láti èjìká dé ìdí. Kò gbó rárá, ó ń lá ọwọ́ ẹni tó ń fá a ni. Ẹni tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ nìyẹn o.

Irun hù padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Kí ni wọ́n rò pé yóò ṣe? Ìyá onílé ní òun ti rí ẹ̀rí, kí ajá lọ tàbí kí àwa náà kó jáde. Bàbá mi bá ọdẹ kan sọ̀rọ̀ ní Egan, níbi tí igbó ṣì pọ̀ nígbà yẹn, pé kó gba ajá náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ajá fẹ́ lọ, mo bi bàbá mi bóyá wọ́n gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́.

Wọ́n ń so okùn mọ́ ajá lọ́rùn. “Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Láti ọjọ́ tí aríran yẹn ti la ẹnu ni mo ti mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ jẹ́ kí wọ́n fá a?”

“Kí wọ́n má baà sọ pé a jẹ́ alágídí.”

Ajá wa rò pé wọ́n kàn ń mú òun ṣeré jáde ni. Òun ló ń fa bàbá mi lọ sí ẹnu géètì.